Àwòrán Ohun Tí Rélùwéè Fi Sílẹ̀
Ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní ni àwọn Faransé la ojú irin láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin gba Sakété dé Pobè, nítorí epo pupa àti èkùrọ́. Ọkọ̀ ojú irin kò gba ibẹ̀ mọ́. Irú ibi báyìí la ti ń mọ ayàwòrán tó gbọ́ṣẹ́. Kì í tan iná kámẹ́rà; ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ tó gba ẹ̀gbẹ́ wá ló ń jẹ́ kí ojú rí ibi tí irin ti dógùn-ún. Á fi ẹyọ owó onírin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣó ojú irin ká lè mọ bó ṣe tóbi tó. Kì í ṣí nǹkan nípò, torí ibi tí a ti bá a ní ìtàn tirẹ̀. Iṣẹ́ iyì ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Sakété àti Pobè, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àgbà àdúgbò, kí ẹ ya èyí tó ṣẹ́kù.