Ọgbẹ́ Ọkàn Alágbára: Òòfà Ìwé Ìfẹ́ Òyìnbó àti ti Eré Onítàn Olóṣèlú

Ìfáàrà

Ó ti pẹ́ tí àwọn lámèyítọ́ ti ń gbé ìwé ìfẹ́ tí ó ti ilẹ̀ Òyìnbó wá àti eré onítàn tí ó dá lórí ìṣèlú sí òdìkejì ara wọn. Ti àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní ohun ìgbafẹ́ lásán, ìwé tí ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ girama ń fi pamọ́ sábẹ́ tábìlì nígbà tí olùkọ́ ń kọ́ni lọ́wọ́. Ti èkejì ni wọ́n kà sí iṣẹ́ gidi, nítorí pé ìjọba a máa bẹ̀rù rẹ̀. Àpẹẹrẹ tí kì í wọ́n lẹ́nu wọn ni ti Hubert Ògúndé, ẹni tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ ní 1964 nítorí Yorùbá Ronú, tí òfin náà kò sì kúrò títí di 1966 tí àwọn ológun gba ìjọba. Ta ni ó ti gbọ́ pé gómìnà kan bẹ̀rù ìtàn nọ́ọ̀sì àti dókítà?

Òtítọ́ wà nínú ìyàtọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ó ku ohun kan tí kò ṣàlàyé: àwọn ènìyàn kan náà ni ó ń fẹ́ méjèèjì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ka Mills & Boon tán ní ọjọ́ Ẹtì lè san owó láti wo eré ní gbọ̀ngàn ìṣeré Yunifásítì Ìbàdàn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan ń sá fún ayé, tí èkejì sì ń dojú kọ ọ́, báwo ni ọkàn kan ṣe ń gba méjèèjì láìnira? Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni méjèèjì ń dáhùn: kí ni ó sọ alágbára di òǹrorò, ǹjẹ́ ọkàn rẹ̀ sì lè rọ̀? Ìdáhùn wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wá a jọra ju bí àwọn lámèyítọ́ ti ń gbà lọ. Ibi tí eré olóṣèlú bá ti yá irinṣẹ́ ìwé ìfẹ́ lò ni ó ti máa ń fa òǹwòran mọ́ra jù; ibẹ̀ náà sì ni ìṣèlú inú rẹ̀ ti lè sọnù.

Àwọn ìwé tí iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀ wò ni irú ìwé Mills & Boon tí ó wọ́pọ̀ láàrin 1960 sí 1985, Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá (1970), àti Morountodun ti Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe lórí ìtàgé ní 1979, tí ó sì jáde ní ìwé ní 1982.

Ọkùnrin líle inú ìwé ìfẹ́

Ní 1908 ni Gerald Mills àti Charles Boon dá ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé wọn sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Oríṣiríṣi ìwé ni wọ́n ń tẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó di àwọn ọdún 1930 kí ìwé ìfẹ́ tó di iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ wọ́n mọ́. Ní 1971, Harlequin, ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ti ilẹ̀ Kánádà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1949, rà wọ́n. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa yá ìwé wọ̀nyí lọ́wọ́ ara wọn títí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi ya. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Macmillan sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ Pacesetters ní 1977, ó bá òǹkàwé tí irú ìwé pélébé báyìí ti mọ́ lára.

Ahunpọ̀ ìtàn náà kò ṣòro láti sọ. Ọmọbìnrin kan wà tí kò lówó, tí kò sì ní alátìlẹ́yìn: nọ́ọ̀sì ni, tàbí akọ̀wé, tàbí ọmọ òrukàn tí ó lọ ṣiṣẹ́ nílé onílé. Ọkùnrin kan wà tí ó jù ú lọ ní ọjọ́ orí, ní owó àti ní ipò: dókítà àgbà ni, tàbí ẹni tí ó ni ilẹ̀ rẹpẹtẹ. Ọkùnrin náà le. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ korò, ó ń fura sí ọmọbìnrin náà, ó sì ń dójú tì í níwájú àwọn ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ẹkún, ojú ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó kẹ́yìn a tú àṣírí: láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni ọkùnrin náà ti fẹ́ràn rẹ̀. Ọgbẹ́ kan ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Obìnrin kan ti dà á rí, tàbí ìyá rẹ̀ ti fi í sílẹ̀ ní kékeré, ìbẹ̀rù pé irú rẹ̀ yóò tún ṣẹlẹ̀ ni ó sì sọ ọ́ di òǹrorò.

Kò sí òǹkàwé tí kò mọ òpin yìí kí ó tó ṣí ìwé. Àwọn tí ó ń fi èyí bú irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbàgbé pé bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó ń gbọ́ àlọ́ ṣe mọ̀ pé ọgbọ́n àrékérekè yóò já Ìjàpá kulẹ̀ nígbẹ̀yìn. Adùn rẹ̀ kò sí nínú ìyàlẹ́nu. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé Mills & Boon ìgbà náà, ojú ọmọbìnrin nìkan ni òǹkọ̀wé fi ń wo ohun gbogbo; inú ọkùnrin náà pa mọ́. Òǹkàwé, tí ó ti ka irú rẹ̀ rí, ni ó ń túmọ̀ àmì tí ọmọbìnrin náà kò rí: bí ọkùnrin náà ti ń wò ó láìsọ̀rọ̀, bí ó ti ń bínú nígbà tí ọkùnrin mìíràn bá bá a jó. Òǹkàwé mọ̀ ju ọmọbìnrin náà lọ, ìmọ̀ yẹn ni ó sì dùn.

Lámèyítọ́ méjì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ṣiṣẹ́ lórí èyí. Tania Modleski (1982) rí ìgbẹ̀san nínú rẹ̀: agbéraga ọkùnrin yóò kúnlẹ̀ dandan, òǹkàwé sì ń retí ìkúnlẹ̀ náà láti ojú ìwé kìn-ín-ní. Janice Radway (1984) lọ bá àwọn obìnrin tí ó ń ra irú ìwé bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ìlú kan láàrin gbùngbùn Amẹ́ríkà. Wọ́n sọ fún un pé àkókò ìwé kíkà ni àkókò kan ṣoṣo tí ó jẹ́ tiwọn, tí ọkọ àti ọmọ kò ní ipa nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Radway tún rí i pé ìwé náà ń kọ́ òǹkàwé láti máa túmọ̀ ìwà líle ọkùnrin sí ìfẹ́ tí kò tíì sọ̀rọ̀. Nínú àlàyé méjèèjì, ti Radway ni ó wọnú jù, nítorí pé ó fi hàn pé kì í ṣe àlá lásán ni òǹkàwé ń lá. Ẹ̀kọ́ ni ó ń kọ́.

Ohun tí ìwé ìfẹ́ kì í bi léèrè rárá ni ibi tí agbára ọkùnrin náà ti wá. Ta ni ó roko lórí ilẹ̀ rẹpẹtẹ yẹn? (Iye tí wọ́n ń san fún nọ́ọ̀sì náà kì í sí nínú ìwé, àfi bí ó bá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi yẹ kí àánú rẹ̀ ṣeni.) Nígbà tí ọkàn ọkùnrin bá rọ̀, ilẹ̀ rẹ̀ kò dín, ipò rẹ̀ kò sì yẹ̀. Ohun tí ó yí padà ni ojú tí ọmọbìnrin náà fi ń wò ó.

Ọgbẹ́ Ìyálóde

Nínú Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn ni ó wà ní ipò ọkùnrin líle yẹn. Ó lówó, ó ní ilẹ̀, ó ní ẹrú púpọ̀, ó sì pa á láṣẹ pé ẹrúbìnrin tí ó bá lóyún nínú ilé òun yóò kú. Adétutù lóyún. Ẹ̀bẹ̀ kò sí tí wọn kò bẹ̀. Wọ́n pa á. Ẹni tí ó bá ti ìdí ìwé ìfẹ́ bọ́ sí ìdí eré yìí yóò ṣàkíyèsí pé gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀ ni ó wà níhìn-ín: ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò ní alátìlẹ́yìn, alágbára tí ó le, ẹkún àti ẹ̀bẹ̀. Pàtàkì jù lọ ni pé ọgbẹ́ wà níhìn-ín pẹ̀lú. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ẹfúnṣetán bí ti kú, Olódùmarè kò sì fún un ní òmíràn. Ìdí nìyí tí oyún ẹlòmíràn fi ń ta á lójú.

Òye iṣẹ́ Ìṣọ̀lá hàn ní ibí yìí. Ó fi kọ́kọ́rọ́ tí ìwé ìfẹ́ fi ń ṣí ọkàn alágbára lé òǹwòran lọ́wọ́, ó sì jẹ́ kí ó rí i pé kọ́kọ́rọ́ náà kò ṣí ilẹ̀kùn kankan. Òǹwòran mọ ohun tí ó ń dun Ẹfúnṣetán, àánú rẹ̀ tilẹ̀ ń ṣe é díẹ̀, Adétutù sì kú síbẹ̀síbẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèré Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá gbé eré náà lọ sí pápá ìṣeré ní Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, èrò tí gbọ̀ngàn kankan kò lè gbà ni ó wá wò ó. Kì í ṣe ìtàn ogun Ìbàdàn ni ó kó irú èrò bẹ́ẹ̀ jọ. Ìyà obìnrin aláìlárá kan àti ìṣubú obìnrin alágbára kan ni.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni àríwísí yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Onímọ̀ ìtàn Bọ́láńlé Awẹ́ ti fi hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí oyè Ìyálóde pé ọ̀rọ̀ ìlú ni ó wà láàrin Ẹfúnṣetán àti Ààrẹ Látòósà. Ẹfúnṣetán ń ta ohun ìjà ní àwìn fún àwọn ológun. Gbèsè pọ̀ lọ́rùn wọn. Ó tako bí Látòósà ti ń fi ogun jíjà ṣe ìjọba, kò sì fẹ́ fi dúkìá rẹ̀ ran irú ogun bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mọ́. Wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, wọ́n sì pa á ní 1874. Nínú eré Ìṣọ̀lá, gbèsè àti ogun wọ̀nyí kò rí àyè tó nǹkan. Ọgbẹ́ àìrọ́mọ ni ó gba ipò wọn. Àwọn ìjòyè tí wọ́n dìde sí Ìyálóde wá di olùgbàlà àwọn ẹrú, bí ẹni pé àwọn fúnra wọn kò ní ẹrú nílé.

Kò sí ẹni tí ó sọ pé òǹkọ̀wé eré gbọ́dọ̀ jẹ́ akọ̀tàn ìlú. Síbẹ̀, ìpinnu iṣẹ́ ọnà yìí ní iye tí ó ń náni. Ìwé ìfẹ́ ń fi ọgbẹ́ ọkàn ṣàlàyé agbára, eré olóṣèlú yìí náà sì ṣe bẹ́ẹ̀. Kí wá ni ìyàtọ̀? Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni ìdájọ́. Ọkùnrin inú Mills & Boon fi ọgbẹ́ gba ìdáríjì, ó sì fi gba ìyàwó pẹ̀lú; Ẹfúnṣetán fi ọgbẹ́ gba ẹ̀bi. Òǹkàwé tí ó fẹ́ràn ìwé méjèèjì, láìka ọ̀kankan sí ọ̀tá èkejì, yóò ti kọ́ láti dárí ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ pa obìnrin ji ọkùnrin. Àwọn tí wọ́n ń bẹ̀rù ipa tí ìwé Òyìnbó ń ní lórí ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ kì í sábà ka eré yìí mọ́ ohun tí ó yẹ kí wọ́n bẹ̀rù.

Titubi

Ọ̀nà mìíràn ni Morountodun gbà. Ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ti 1968 sí 1969 ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn dìde nítorí owó orí àti ìyà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi ń jẹ wọ́n. Titubi, ọmọ obìnrin olówó kan, gbà láti wọ ẹ̀wọ̀n kí àwọn ọlọ̀tẹ̀ lè tú u sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́wọ̀n yòókù, kí òun sì ti ibẹ̀ mú olórí wọn, tí wọ́n ń pè ní Marshal. Mọremí ni ó fi ara rẹ̀ wé, Mọremí tí ó lọ sọ́dọ̀ àwọn Ìgbò, tí ó di ìyàwó ọba wọn, tí ó gbọ́ àṣírí wọn, tí ó sì padà wá fi ṣẹ́gun wọn fún Ilé-Ifẹ̀. Bí a bá wò ó dáadáa, ìtàn Mọremí ni òdìkejì ìwé ìfẹ́ pátápátá: ìgbéyàwó tí kò ní ìfẹ́ nínú, tí ó jẹ́ ohun ìjà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Titubi dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀, kò sì lè ṣe bíi Mọremí. Ní ìgbẹ̀yìn, Marshal fi í ṣe aya, ó sì sọ ọ́ ní Mórountódùn. Ọmọ olówó àti olórí ọlọ̀tẹ̀! Lámèyítọ́ tí ó bá ń fi ojú ìwòye Marx wo eré yìí lè binú pé Ọ̀ṣọ́fisan gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn kó ìwé ìfẹ́ wọ inú ọ̀tẹ̀ àwọn àgbẹ̀. Ìbínú náà kò wà láìnídìí, nítorí pé ìgbéyàwó yìí ni ọ̀pọ̀ òǹwòran yóò máa rántí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbàgbé owó orí.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí ìfẹ́ tó dé. Kì í ṣe ojú Marshal ni ó yí Titubi lọ́kàn padà. Kò sí ọgbẹ́ kan tí ó farapamọ́ sínú ọkùnrin yẹn tí Titubi ní láti wò sàn. Ọgbẹ́ tí ó wò sàn jẹ́ ọgbẹ́ ìbọn lára àwọn àgbẹ̀ tí ó ń tọ́jú. Iṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ ṣe, ojú rẹ̀ rí ebi àti ikú, ó sì ti ibẹ̀ mọ ohun tí owó ìyá rẹ̀ dúró lé lórí. Ìbéèrè tí ìwé Mills & Boon kì í bi nípa ilẹ̀ rẹpẹtẹ ọkùnrin náà ni Titubi bi nípa ilé tí wọ́n ti bí i. Òun ni alágbára inú eré yìí, òun sì ni ó yí padà. Àyípadà rẹ̀ kò fi dúkìá sílẹ̀ bí ó ti wà.

Ibì kan ṣoṣo ni Ọ̀ṣọ́fisan ti fi gbèsè sílẹ̀ láìsan. Ọmọbìnrin inú ìwé ìfẹ́ máa ń jẹ́ orúkọ ìdílé ọkọ rẹ̀ ní ojú ìwé tí ó kẹ́yìn. Titubi, tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde kúrò nínú ilé olówó, tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ọgbẹ́ àwọn àgbẹ̀, kò sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Marshal ni ó sọ ọ́.