Awò Lórí Ìbọn Àtijọ́: Ọ̀rọ̀ Ìdè Eléèékánná

Nígbà tí ìjọba Côte d'Ivoire fòfin de ọdẹ ṣíṣe ní ọdún 1974, ìbọn ọdẹ tó bá wà ní ilé ní Àbíjàn bẹ̀rẹ̀ sí í di ohun ogún ju irin iṣẹ́ lọ. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a fura sí ọwọ́ tí ń lu ihò sí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ lára, kí awò tí ń fa ohun jíjìn súnmọ́ ojú lè jókòó sórí rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìbọn ni awò wúlò fún. Àwọn dózò, ọdẹ ìhà àríwá tí wọ́n ń gbà ṣọ́ ilé lóru ní Àbíjàn ní àwọn ọdún 1990, ìbọn tí alágbẹ̀dẹ rọ ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé. Ọmọ Èjìgbò tí Àbíjàn ti di ilé kejì fún yóò dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀: ọmọ ìyá ṣakabùlà ni. Inú ọ̀pá rẹ̀ dán, kò ní ilà tí ń mú ọta yí bí ó ti ń lọ. Awò lè fi àgbọ̀nrín hàn kedere ní igba mítà, ṣùgbọ́n ọta kò ní tọ ipa ojú dé ibẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ lásán ni awò lórí rẹ̀.

Ọ̀tọ̀ ni ti Mannlicher-Schönauer ti Austria, ọdún 1903, tí Hemingway pàápàá fi sínú ìtàn ọdẹ rẹ̀ ti ọdún 1936. Òkè ẹ̀yìn irin rẹ̀ là sí méjì kí ọwọ́ tí a fi ń ti ọta wọlé lè gba àárín kọjá. Kò sí pẹpẹ gidi tí a lè de awò mọ́ níbẹ̀. Ìdáhùn àwọn oníṣọ̀nà Jámánì àti Austria ni ìdè eléèékánná. Èékánná iwájú ni a kọ́kọ́ fi há ihò ìpìlẹ̀ rẹ̀ lórí ìbọn. A wá tẹ ti ẹ̀yìn wálẹ̀ títí yóò fi dún pó. Bí a bá yọ ọ́ tí a tún dá a padà, bí iṣẹ́ náà bá dára, ojú ibi tí ọta ń bà kò ní yẹ̀.

Àwọn tó ń bu ẹnu àtẹ́ lu ìdè yìí kò purọ́ tán. Ó máa ń ga, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kì í sì í fi gbogbo ara rọgbọ̀kú sí ìdí ìbọn. Ó wọ́n pẹ̀lú, nítorí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni a fi ọwọ́ rẹ́ bá ìbọn kan ṣoṣo mu. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀? Ihò mẹ́rin nínú irin tí kò ní dí mọ́. Àwọn mìíràn a máa ti awò oní-mìlímítà 25.4 bọ inú òrùka àtijọ́ tí ó jẹ́ 26, wọn a sì fi ike wé e; ìbọn yóò dún lẹ́ẹ̀mẹta, awò yóò ti yẹ̀. Èyí burú ju gíga lọ.

Ìbọn tí ìpìlẹ̀ èékánná ṣì wà lórí rẹ̀, tí awò rẹ̀ ti sọnù, kò nílò ihò tuntun kankan. Kí alágbẹ̀dẹ tó mọ irin rọ ẹsẹ̀ mìíràn sí awò tuntun, kí ó fi ayùn irin rẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, kí ó máa dán an wò títí yóò fi wọ ihò àtijọ́ náà láìmì.