Ìkòkò Méjì, Orúkọ Kan

Ní ọdún 2000, ilé iṣẹ́ Rolex, àwọn aṣe-aago ilẹ̀ Súwísì, fi ẹ̀bùn ẹ̀yẹ wọn dá Ọ̀gbẹ́ni Mohammed Bah Abba lọ́lá, olùkọ́ kan ní Ìpínlẹ̀ Jigawa, ní òkè ọya Nàìjíríà. 75,000 dọ́là ni owó tí ó bá ẹ̀bùn náà rìn. Ohun tí ó ṣe kò gba iná mànàmáná, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ẹ̀rọ nínú: ìkòkò amọ̀ kékeré nínú ńlá, yanrìn tútù láàárín méjèèjì, aṣọ tútù lórí. Bí omi inú yanrìn ti ń gba ara ìkòkò òde jáde, tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ sì ń gbé e lọ, ni ooru inú ìkòkò kékeré ń bá a lọ. Ìkàn tí í máa bàjẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta lo ọjọ́ 27 níbẹ̀.

Ẹnì kan lè bèèrè pé kí ni tuntun nínú èyí. Ta ni nínú wa, ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀, tí kò mọ àmù tí ó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá ìyá àgbà, tí omi rẹ̀ tutù ju omi ẹ̀rọ lọ? Òótọ́ ni. Àwọn ará Íjíbítì ìgbàanì pàápàá mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, a gbà pé ìgbìmọ̀ náà kò ṣìnà. Ọgbọ́n àmù wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n omi nìkan ni a fi ń ṣe. Bah Abba, ọmọ ìdílé amọ̀kòkò, wo ẹ̀fọ́ àti tòmátì tí ń rà mọ́ àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́, ó sì wá oògùn rẹ̀ lára ìkòkò tí àwọn ènìyàn ti ń pa tì nítorí ike àti páànù. Ó gba àwọn amọ̀kòkò tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn síṣẹ́. Ó fi 5,000 ìkòkò àkọ́kọ́ tọrẹ. Nítorí àwọn tí kò mọ̀wé, ó ní kí àwọn òṣèré ìlú ṣe eré kan tí wọ́n yà sí fídíò fún àwọn ará abúlé. Ní tiwa, ibi eré yẹn gan-an ni àtinúdá rẹ̀ ti hàn jù.

Àbùkù tí a rí kò sí lára iṣẹ́ náà, ara ẹ̀bùn ni ó wà. Irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ mọ̀ ju orúkọ ẹyọ kan lọ. Àwọn tí wọ́n po amọ̀, tí wọ́n mọ bí a ti ń sun ìkòkò kí omi lè máa yọ lára rẹ̀ láìfọ́, kò sí orúkọ wọn níbẹ̀.

Ó tún ku kan. Ẹ̀bùn a máa mú kí a rò pé ohun tí ó dára níbì kan yóò dára níbi gbogbo. Ẹni tí ó bá gbé ìkòkò Jigawa wá sí Àjàṣẹ́ nígbà òjò yóò kábàámọ̀: afẹ́fẹ́ wa ti mu omi yó, kò lè gba ti inú yanrìn mọ́. Ní Ṣábẹ̀, nígbà ọyẹ́, ó lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí àwọn olówó ilẹ̀ wa bá fẹ́ dá irú ẹ̀bùn yìí sílẹ̀, kí ìgbìmọ̀ wọn kọ́kọ́ lọ sí ọjà Ouando nígbà òjò, kí wọ́n bi àwọn ìyá tí ń ta tòmátì léèrè bí wọ́n ti ń ṣe é tí èyí tí ó kù lálẹ́ fi ń mọ́jú láìrà, kí wọ́n sì kọ orúkọ gbogbo wọn sílẹ̀.