Fíìmù Fàyàwọ́ Kọ̀ǹpútà: Agbẹ́jọ́ Ẹnìkan Dá

Fíìmù kan ni a fẹ́ yẹ̀ wò. Steve Burke ti Gamers Nexus, ní Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde lórí YouTube ní oṣù kẹjọ ọdún 2025.

Ní ọdún 2022 ni ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí fi òfin dí títa àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà Nvidia tó lágbára jù fún Ṣáínà. Burke tọpa fàyàwọ́ wọn dé Hong Kong, Taiwan àti Ṣáínà. Ó bá alágbàtà àti àwọn tó ń tún wọn ṣe sọ̀rọ̀ lójúkojú. Èyí ni a yìn jù: kò fi àgbọ́sọ ṣe ìròyìn. Àléébù rẹ̀ ni pé ó gùn ju wákàtí mẹ́ta lọ.

Kò pẹ́ tí Bloomberg fi fẹ̀sùn kàn án nítorí ọ̀rọ̀ Ààrẹ Trump tó mú lò, tí kò tó ìṣẹ́jú méjì. YouTube yọ odidi fíìmù náà. Burke fèsì, fíìmù sì padà. Ṣùgbọ́n òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1998 gbà pé kí iṣẹ́ wà nípamọ́ fún ọjọ́ iṣẹ́ 10 sí 14 lẹ́yìn èsì. Ìròyìn tó gbóná lónìí ti tutù nígbà náà.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni jí iṣẹ́ oníṣẹ́. Àdàkọ ti ba òwò àwọn eléré tiwa náà jẹ́. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kí a gbọ́ tẹnu ẹnìkejì kí a tó pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ bá àwọn ọmọ wò ó.