Nígbà Tí Ìlú Bá Bá Òǹkọ̀wé Pète

Àwa tí a ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fẹ́ràn ká máa sọ pé inú orí wa ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ n kò gbà á. Ibi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀ ló máa ń ṣe ìdajì iṣẹ́ náà, pàápàá tó bá jẹ́ ibi gidi, tó ti wà kí òǹkọ̀wé tó dáyé. Ẹ wo Angels & Demons tí Dan Brown, ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ọdún 2000. Àwọn kan ń bú èdè rẹ̀, èmi náà kò sì ní gbèjà gbogbo gbólóhùn ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó fi mú ìlú Róòmù yẹ kí oníṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó tì.

Nínú ìwé náà, wọ́n jí kádínà mẹ́rin gbé lásìkò tí wọ́n fẹ́ yan Póòpù tuntun, wọ́n sì ń pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wákàtí kan sí èkejì. Àmì atọ́nà tí ọ̀jọ̀gbọ́n Langdon, tó ń tú ọ̀ràn náà, kọ́kọ́ rí mẹ́nu ba sàréè Raphael, ó tún dárúkọ ihò kan. Raphael, ayàwòrán tó kú ní 1520, wà nínú Pantheon lóòótọ́, ihò ràgàjì kan sì wà láàárín òrùlé ibẹ̀ tí òjò ń gbà wọlé. Ta ni kò ní sáré lọ síbẹ̀? Langdon sáré lọ, ibẹ̀ kọ́. Sàréè tí Raphael yàwòrán rẹ̀ fún ìdílé Chigi, nínú ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria del Popolo, ni àmì náà ń tọ́ka sí. Àwòrán egungun òkú wà ní ilẹ̀ ibẹ̀, ère áńgẹ́lì àti wòlíì Hábákúkù tí Bernini gbẹ́ sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan. Brown kò dá ọ̀kankan sílẹ̀ nínú èyí. Pé wọ́n sin Raphael síbì kan, tó sì kọ́ sàréè ẹlòmíràn síbòmíràn, ọ̀rọ̀ Róòmù ni. Ẹ̀tàn tó mú Langdon ti wà nílẹ̀ láti nǹkan bí 500 ọdún.

Bákan náà ni Castel Sant'Angelo, tí ọba Hadrian kọ́ láti fi ṣe sàréè ara rẹ̀, tó wá di odi ológun. Ọ̀nà kan gba orí ògiri láti ibẹ̀ dé Vatican. Ibẹ̀ ni Póòpù Clement Keje gbà sá lọ́dún 1527 nígbà tí àwọn ọmọ ogun ń kó Róòmù. Nígbà tí Brown wá nílò ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà láìjẹ́ kí èrò rí i, kò nílò láti gbẹ́ ihò kankan. Òǹkàwé gbà á gbọ́, nítorí ẹsẹ̀ Póòpù ti dán an wò.

Ẹnìkan á ní ìtàn àròsọ ni, òǹkọ̀wé lè yí ohun tó bá wù ú, ó ṣe tán, mélòó nínú òǹkàwé ló máa dé Róòmù? Òótọ́ ni, àní Brown fúnra rẹ̀ gbé ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria della Vittoria lọ sí gbàgede Barberini, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ kọ́ ló wà, ìwé náà sì tà. Ṣùgbọ́n àdírẹ́sì ló yí. Kò fọwọ́ kan ère Tẹrésà Mímọ́ tí Bernini gbẹ́ síbẹ̀, tí áńgẹ́lì na ọ̀kọ̀ sí, nítorí ère yẹn ni orí ìwé náà rọ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ìwé náà ṣe fíìmù tó jáde ní 2009, àwọn aláṣẹ ìjọ ní Róòmù kò jẹ́ kí wọ́n ya á nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wọ̀nyí. Àwọn onífíìmù kò wá ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn sínú ìtàn náà; ńṣe ni wọ́n kọ́ àfijọ wọn sí Los Angeles. Kò sẹ́ni tó ń náwó báyẹn sórí ohun ọ̀ṣọ́ lásán.

Àtakò kejì ló wúwo lójú mi: àwọn ènìyàn ń jọ́sìn níbẹ̀. Lẹ́yìn tí The Da Vinci Code, ìwé Brown mìíràn, jáde ní 2003, èrò wọ́ lọ sí Saint-Sulpice ní Paris láti wo ìlà idẹ tí ìwé náà so mọ́ ìbọ̀rìṣà àtijọ́, títí ìjọ náà fi lẹ ìkéde mọ́ ògiri pé irọ́ ni. Níbí, mo wà lẹ́yìn ìjọ. Wọ́n ṣe ìlà náà ní nǹkan bí 300 ọdún sẹ́yìn láti fi oòrùn ọ̀sán ṣírò ìgbà tí Àjíǹde yóò bọ́ sí. Òótọ́ yẹn gan-an ìbá ṣe ìtàn lóore ju irọ́ tí Brown fi rọ́pò rẹ̀ lọ.

Nílé wa ńkọ́? Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ti fi Àjà Ló Lẹrù hàn wá láti 1969 pé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lè fi Yorùbá ṣe ilé. Ibi gidi tí a lè lò náà kò wọ́n wa: ilé ìṣọ́ Bower wà lórí Òkè Àrẹ n'Íbàdàn láti 1936, téèyàn ti lè rí ìlú yíká. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn òyìnbó amúnisìn ní Broad Street l'Ékòó ti di Freedom Park, wọ́n ń ṣeré orin níbi tí wọ́n ti ń ti ẹlẹ́wọ̀n mọ́lé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ rin irú ibi bẹ́ẹ̀ já, kí ẹ wọn ògiri rẹ̀, kí ẹ tó pa ẹnikẹ́ni síbẹ̀.