Skål: Igbá Ni, Kì í Ṣe Agbárí

Ní Dẹ́nmáàkì, Nọ́wè àti Swídìn, tí wọ́n bá gbé ife ọtí sókè, "Skål!" ni wọ́n máa ń wí. Wọ́n á wojú ara wọn, wọ́n á mu ún, wọ́n á sì tún wojú ara wọn kí ife tó padà sórí tábìlì. Ẹni tó bá ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì á fẹ́ gbọ́ "skull" nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ibẹ̀ ni ìtàn tí gbogbo wa mọ̀ ti ń wọlé: pé inú agbárí ọ̀tá tí wọ́n pa ni àwọn Viking ayé àtijọ́ ti ń mutí. Ìtàn náà dùn létí, àmọ́ irọ́ ni.

Igbá ni skål, tàbí abọ́. Ní Dẹ́nmáàkì lónìí, abọ́ tí wọ́n ń bu sàláàdì sí ṣì ń jẹ́ skål. Kódà "scale" tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe òṣùwọ̀n, inú ọ̀rọ̀ yìí náà ló ti jáde, nítorí abọ́ tó máa ń so rọ̀ lápá òṣùwọ̀n. Alápatà tó ń wọn ẹran lórí síkéèlì, igbá àwọn Viking ló ń dárúkọ.

Níbo wá ni agbárí ti wọlé? Orin kan wà tó ń jẹ́ Krákumál, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ọ̀rúndún kejìlá ni wọ́n ti kọ ọ́. Ragnar Loðbrók ló ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀. Wọ́n ti jù ú sí kòtò ejò, ó ń kú lọ, síbẹ̀ ó ń fọ́nnu pé láìpẹ́ òun á máa mu ọtí nílé Odin. Nínú kí ni? Nínú ìwo ni, ṣùgbọ́n akéwì ò pè é ní ìwo. Ó pè é ní igi títẹ̀ tó hù lórí agbárí. Agbárí ẹran ọ̀sìn o! Bí àwọn akéwì wọn ṣe ń ṣe nìyẹn: wọ́n á pa nǹkan ní àlọ́, olùgbọ́ á já a.

Ní 1636, Ole Worm, dókítà ọmọ Dẹ́nmáàkì, tẹ orin náà jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ Látìnì. Nínú ìtumọ̀ yẹn, igi ti pòórá, agbárí ẹran sì ti di agbárí àwọn tí wọ́n pa. Ní 1763, Thomas Percy gbé e wọ Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀ náà. Àwa tí a ń kọ kóòdù mọ irú ẹ̀ dáadáa: àṣìṣe kan nínú library tí gbogbo èèyàn ń lò, tẹ́nikẹ́ni ò ṣí wò, wọ́n kàn ń import ẹ̀ lọ.

Ẹ fojú inú wo àjòjì tó gbọ́ pé "ọba wàjà", tó wá kọ ọ́ sínú ìwé pé tí ọba Yorùbá bá darúgbó, ńṣe ni wọ́n ń gbé e gun àjà. Ṣé ẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, àbí ẹ̀ẹ́ bínú? Ohun tí wọ́n fi Ragnar ṣe nìyẹn. Ọkùnrin tó ń retí ọtí ìwo lásán ni wọ́n sọ di ẹhànnà.

Ká má sì purọ́ torí pé a fẹ́ jàre. Nínú orin mìíràn, Völundarkviða, alágbẹ̀dẹ Völundr fi agbárí ọmọ ọba méjì ṣe ife, ó fi fàdákà bò ó, ó sì fi ránṣẹ́ sí bàbá wọn. Akéwì yẹn gan-an lo skál: abọ́ tó wà lábẹ́ irun ló pe agbárí. Àmọ́ ẹ̀san ni, bàbá ò sì mọ ohun tó gbà. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ilé ni wọ́n ti ń fi agbárí mutí, kí ni ìbá tún bani lẹ́rù níbẹ̀? Lójú tiwa, orin tí wọ́n lè fi gbe irọ́ náà lẹ́yìn ló tú u fó.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí igbá ọtí gidi, wọ́n wà ní mùsíọ́ọ̀mù ní Nọ́wè: abọ́ onígi tí wọ́n gbẹ́, tí wọ́n kùn lọ́dà. Àwọn mìíràn ní ìkọ̀wé tó yí etí wọn ká, tó ń rọ ẹni tó bá gbé e pé kó mu.