Orúkọ Ubuntu àti Àwọn Tó Gbé E Ga

Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ṣùgbọ́n ohun tí wọn kì í tà ńkọ́, tó sì jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ló ṣe é? Ìṣòro tó wà níwájú Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, nìyẹn lọ́dún 2004, nígbà tó dá ilé-iṣẹ́ Canonical sílẹ̀ tó sì gbé Ubuntu jáde. Ubuntu ni ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, bíi Windows. Orí Debian ni wọ́n gbé e lé, iṣẹ́ tí àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn kárí ayé ti ń ṣe láti 1993. Gbogbo ayé ló lè rí kóòdù rẹ̀, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sì pín in.

Lójú tèmi, sídíì ọ̀fẹ́ ni ìpolówó tó dára jù tí Canonical ṣe rí. Láti 2005, ẹni tó bá ti fi orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á fi sídíì Ubuntu ránṣẹ́ sí i, wọn kò sì ní gba kọ́bọ̀, títí kan owó ìfiránṣẹ́. Ẹ rántí bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe rí nígbà náà. Ohun tó ń lọ sí mẹ́gábáìtì 700 là ń sọ yìí. Ẹni tó ń ra wákàtí ní káfẹ̀, tí ìlà ń já mọ́ lọ́wọ́, báwo ni yóò ṣe gbà á tán? Èèyàn sì lè béèrè ju ẹyọ kan lọ, kó fún ọ̀rẹ́, kó fún olùkọ́. Bí ẹni tó gba ẹ̀bùn ṣe di olùpolówó nìyẹn, láìsí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Wọ́n dá fífi sídíì ránṣẹ́ dúró lọ́dún 2011.

Orúkọ náà ṣiṣẹ́ tirẹ̀, inú èdè Zulu àti Xhosa ni wọ́n ti mú un, níbi tó ti túmọ̀ sí ìwà ọmọ ènìyàn sí ẹnìkejì. Àmì rẹ̀ jẹ́ èèyàn mẹ́ta tó di ara wọn lọ́wọ́ mú yípo, àwọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ búráùn nígbà tí búlúù gba ojú Windows kan. Ṣáájú ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan ló ni Linux, ìdílé ètò kọ̀ǹpútà tí Debian àti Ubuntu wà nínú rẹ̀. Ubuntu ní ti ọmọ ènìyàn gbogbo ni, wọ́n sì gbà á gbọ́.

Ìgbàgbọ́ yẹn ni Canonical fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe léṣe ní oṣù kẹwàá ọdún 2012. Nínú Ubuntu 12.10, bí èèyàn bá ń wá fáìlì tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ á gba ọ̀dọ̀ Canonical lọ, ọjà Amazon á sì yọ sójú ẹ̀rọ. Bó bá rà á, Canonical á gba èrè díẹ̀. Wọn kò bi í kí wọ́n tó tan án. Richard Stallman, tó dá ìgbìmọ̀ sọ́fúwíà òmìnira sílẹ̀, pè é ní amí. Canonical fèsì pé Amazon kò mọ ẹni tó ń wá nǹkan. Mo gbà pé ilé-iṣẹ́ nílò owó. Àpò Shuttleworth kò lè gbé e títí láé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ẹnu ara rẹ̀ gba ìyá rẹ̀ níyànjú pé kó lo Ubuntu, kí ni yóò sọ fún ìyá yẹn? Ó di 2016 kí wọ́n tó pa ìwákiri Amazon náà.

Òfin fún Canonical ní orúkọ Ubuntu, bí kóòdù tilẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ayé. N kò bá wọn jà lórí èyí: bí orúkọ kò bá ní olùṣọ́, ẹnikẹ́ni lè fi ṣe ìjàǹbá. Àmọ́ lọ́dún 2013, wọ́n kọ̀wé òfin sí ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì kan tó ń kọ́ni bí a ṣe ń pa ìwákiri Amazon náà. Shuttleworth tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó dùn mí ni pé ọ̀nà mìíràn láti rí owó wà nílẹ̀. Ní oṣù kan náà tí ti Amazon jáde, Canonical gbé ojú ewé kan síwájú àwọn tó ń gba Ubuntu lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé ẹni tó bá fẹ́ lè dáwó. Lọ́dún 2013, wọ́n tún béèrè mílíọ̀nù 32 dọ́là lọ́wọ́ ará ìta láti ṣe fóònù Ubuntu Edge. Owó náà kò pé, ètò náà sì wó; síbẹ̀ àwọn èèyàn ti ṣèlérí ju mílíọ̀nù 12 lọ fún fóònù tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn, nítorí pé ní gbangba ni wọ́n ti bi wọ́n.